Èèrà Kò Mọ Ààlà Yàrá

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tẹ̀dó sí Sabon Gari. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ibẹ̀ ni yàrá wọn kọjú síra, tí ìdílé púpọ̀ ń lo àgbàlá kan àti ilé ìdáná kan. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó fín oògùn èèrà sí yàrá tirẹ̀ nìkan kàn lé wọn lọ sí yàrá kejì ni.

Èèrà ilé kéékèèké máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára ògiri, wọ́n ń wá ṣúgà, òróró àti omi. Ikán kì í ṣe èèrà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pa wọ́n pọ̀. Ìbàdí èèrà tín-ín-rín. Ara ikán gún láti orí dé ìdí, a sì máa fi amọ̀ la ọ̀nà sára igi. Ilé tí ikán bá ti wọ òrùlé rẹ̀ ń fẹ́ onímọ̀ iṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ lásán ni àwọn èèrà tí a ń rí lórí tábìlì. Inú ihò ògiri ni ayaba wọn ti ń yé ẹyin. Irú èèrà ilé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé, bí a bá fín oògùn líle sí i, ìtẹ́ kan a pín sí púpọ̀.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ ń sáré rà ni DDVP, tí wọ́n mọ̀ sí Sniper. Májèlé ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké, ti mílílítà 100 sísàlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń dà á sínú ike omi, wọ́n sì ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Kò sí èèrà tó tó irú ewu bẹ́ẹ̀.

Omi ọṣẹ sàn jù. Òórùn ni èèrà fi ń sàmì sójú ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí a bá nu ojú ọ̀nà náà, ọ̀nà a dàrú mọ́ wọn lójú. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ tọpa wọn dé ihò tí wọ́n ti ń jáde, kí a sì fi sìmẹ́ńtì dí i kí òjò tó rọlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ṣúgà, dàbínù àti kúlíkúlí wà. Bí wọ́n bá ṣì pọ̀, kí a po bọ́ráàsì díẹ̀ mọ́ omi ṣúgà, kí a rẹ òwú sínú rẹ̀, kí a fi í síbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò lè dé. Bí bọ́ráàsì bá pọ̀ jù, òṣìṣẹ́ a kú kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ayaba.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló kù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó ní Kánò: kí gbogbo yàrá inú àgbàlá ṣe iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí onílé san owó ògiri tó là, kí ayálégbé bojú tó oúnjẹ àti abọ́ tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì yan ẹnì kan tí yóò tún yẹ àwọn ihò náà wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.