Láti Omi Tòrò Dé Omi Aláìléwu: Àbá Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìtọ́jú Omi ní Ilé-iṣẹ́ Oúnjẹ ní Etíkun Àgbádárìgì

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó fara pamọ́ sínú omi lè bá ènìyàn ṣọ̀tá. Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀ ìperí tí ó yẹ fún oríṣiríṣi iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí omi, kí ó tó di èyí tí a lè lò ní ilé-iṣẹ́ tí ń sọ irè oko àti irè odò di oúnjẹ. Etíkun Àgbádárìgì ni a fi ṣe ibùdó àyẹ̀wò wa. Ibẹ̀ ni omi òkun, omi ọ̀sà àti omi kànga ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń ṣe epo àgbọn, gàrí àti ògì, tí a ń tọ́jú ẹja, tí a sì ń di omi sínú ọ̀rá fún títà.

Aáyan lórí èdè ìperí Yorùbá kì í ṣe ohun tuntun. Láti 1970 ni Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, la ọ̀nà fún wa lórí ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi kún un níhìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ‘mọ́’, ni a ń fi ṣe iṣẹ́ mẹ́rin lórí omi. Àṣìlò yìí kò mọ sórí ìwé nìkan; ẹni tí ó jẹ oúnjẹ ni í fara gbá a.

2. Omi etíkun àti ohun mẹ́rin tí ń bà á jẹ́

Ìlú Àgbádárìgì dojú kọ ọ̀sà. Ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí Gbẹ́rẹ́fù wà, ni ó la ọ̀sà àti òkun láàárín. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú ọ̀sà yìí, nítorí náà iyọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan: ní ìgbà òjò, omi odò a máa tì í jáde, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa pọ̀ sí i.

Ti kànga yàtọ̀. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí yanrìn a máa wọlẹ̀ kíákíá, a sì léfòó lórí omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti í léfòó lórí omi nínú ìkòkò. Ìdí ni pé omi òkun wúwo jù ú lọ. Lítà kan omi tí kò níyọ̀ wọn kílógíráàmù 1. Ti òkun, tí iyọ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35, wọn nǹkan bíi 1.025. Láti inú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni Badon Ghyben ará Netherlands àti Herzberg ará Jámánì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti ṣírò pé bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, yóò jìn tó nǹkan bíi mítà 40 nísàlẹ̀ ojú òkun. A lè yí ìṣirò náà padà: ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá fa omi dídùn náà wálẹ̀ ní mítà 1 ti ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti gòkè tó mítà 40 bí àkókò ti ń lọ. Èyí ni a dábàá pé kí a máa pè ní ìyọ́wọlé omi-iyọ̀, nítorí pé ẹni tí ń yọ́ wọlé kì í kan ilẹ̀kùn.

Ní àfikún, irin tí ó ti yòrò máa ń wà nínú omi kànga ẹlẹ́rọ ní irú ilẹ̀ yìí. Omi bẹ́ẹ̀ a máa tòrò nígbà tí a bá fà á. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án fún ìgbà díẹ̀, a pọ́n bí ìpẹtà. Bí irin bá ti ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í kun aṣọ àti ohun èlò. A máa yí àwọ̀ oúnjẹ padà, a sì máa mú kí epo tètè kan.

Ní kúkúrú, ohun mẹ́rin ni a ń bá jà: ìdọ̀tí, kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, iyọ̀ àti irin. Oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Bí a bá se omi oníyọ̀ títí ó fi hó, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ yóò le sí i, nítorí omi ni ó ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Bí a bá da kiloríìnì sínú omi tí ó rú, ìdọ̀tí ni yóò kọ́kọ́ jẹ agbára kiloríìnì náà tán, kòkòrò yóò sì rí ibi sá pamọ́ sí.

3. Ìṣòro ‘mọ́’

Kí a wá ṣèbí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé-iṣẹ́ pé: ‘Ẹ rí i pé omi mọ́ kí ẹ tó lò ó.’ Kí ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe? Yóò bu omi sínú ife, yóò wò ó. Bí kò bá rí ìdọ̀tí, ó ti pa àṣẹ mọ́. Kò ṣẹ̀, èdè tí a fi pàṣẹ ni kò pé. Omi onírin mọ́ lójú nígbà tí a fà á. Omi oníyọ̀ mọ́ lójú. Omi tí kòkòrò onígbáméjì wà nínú rẹ̀ lè mọ́ lójú gan-an.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù kẹfà 2024, àrùn onígbáméjì, èyí tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà, jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ènìyàn sì kú. Lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn fura sí ni ohun mímu kan tí a fi òfio ṣe, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ìyẹn àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ ń ronú kàn kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. ‘Ìwẹ̀nùmọ́’ jẹ́ àkànpọ̀ wẹ̀, nù àti mọ́. Ara, ọwọ́ tàbí abọ́ ni a ń wẹ̀, tí a ń nù, tí ó sì ń mọ́. A kì í wẹ omi. ‘Ìsọdimímọ́’ ní ẹrù mìíràn lórí. Ní agbègbè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹrù náà wúwo ju ti ibòmíràn lọ: Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí Àgbádárìgì, ni S.B.J. Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Bí a bá sọ ‘omi mímọ́’ níbẹ̀, omi tí a gbàdúrà sí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò gbọ́. Ìtumọ̀ yìí tọ́ ní àyè rẹ̀. Kì í ṣe ìtumọ̀ tí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àyálò ‘píọ̀ wọ́tà’ kò sì yanjú ọ̀ràn. Ẹni tí ó ní kí a lọ ra píọ̀ wọ́tà wá kò jẹ́rìí pé omi náà mọ́. Ọ̀rá tí a dì í sí ni ó ń dárúkọ. Orúkọ ìwà ti di orúkọ àpò.

4. Ohun tí aṣògì ti ní lẹ́nu

Kí a tó sáré lọ yá ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a yẹ ẹnu ọ̀nà ara wa wò. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ẹ̀rọ tó dé, ọ̀kan nínú wọn sì ni ilé ògì. Aṣògì a rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ tàbí asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí a kù sórí asẹ́. Lẹ́yìn náà, a fi í sílẹ̀ kí ó rògún, kí ògì sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, kí omidùn orí rẹ̀ sì tòrò; a wá rọra da omi náà kúrò.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtọ́jú omi ni a ti dárúkọ yìí: sẹ́, rògún àti tòrò. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé aṣògì ń fẹ́ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú omi sì ń fẹ́ ohun tí ó wà lókè. Ohun tí ó rògún, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ni yóò dànù. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní ẹrù ẹ̀sìn, wọ́n kúrú, a sì lè kígbe wọn kí a gbọ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo.

5. Àbá wa

Ìlànà mẹ́rin ni a tẹ̀ lé. Èkíní, ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ kan. Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu òṣìṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ lò. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ lè bí ọmọ: orúkọ iṣẹ́, orúkọ ohun èlò. Ẹ̀kẹrin, kí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó mọ Àgbádárìgì yóò mọ ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí tí ó gbẹ̀yìn: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gùn, tí omi ń jẹ́ ‘sin’ ní èdè abínibí wọn, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè kejì fún wọn.

Fún gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, ìtọ́jú omi tó. Kò sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Fún àbájáde rẹ̀, a fara mọ́ omi aláìléwu ju ‘omi mímọ́’ lọ. Àwọn ìyókù nìyí:

(i) Ìmúdìpọ̀: kí a fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ so mọ́ ara wọn. Amúdìpọ̀ ni álọ́ọ̀mù.

(ii) Ìrògún: kí ìdọ̀tí tí ó ti dìpọ̀ sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ àgbá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ohun tí ó sọ̀kalẹ̀.

(iii) Ìmútòrò: ìmúdìpọ̀ àti ìrògún pa pọ̀. Omi tòrò ni èyí tí ojú ríran já. Kò tíì di omi aláìléwu.

(iv) Sísẹ́: kí omi gba inú yanrìn tàbí asẹ́ mìíràn kọjá.

(v) Ìfatẹ́gùnsí: kí a da omi onírin láti òkè bí òjò kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, kí irin lè di ìpẹtà tí a lè sẹ́ kúrò. Ìyọrin ni iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

(vi) Ìpakòkòrò-àrùn: kí a fi kiloríìnì tàbí ooru pa kòkòrò tí ojú kò rí.

(vii) Àṣẹ́kù kiloríìnì: èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí kiloríìnì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí ó tó mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán.

(viii) Ìyọyọ̀: kí a mú iyọ̀ kúrò nínú omi.

(ix) Ìfipásẹ́: ìyọyọ̀ tí a fi ipá ti omi gba inú awọ-asẹ́ kọjá.

Méjì nínú wọn gba àlàyé. Ní ti (vi), àwọn kan yóò fẹ́ kí a gé ọ̀rọ̀ náà kù sí ‘apakòkòrò’. A kò gbà. Apakòkòrò ni oògùn tí a ń fọ́n sóko àti èyí tí a fi ń pa aáyán. Méjèèjì lè wà nínú yàrá kan náà ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ. Bí orúkọ bá jọ ara wọn lára ìgò, májèlé lè wọ inú àgbá omi. Nítorí náà ni a fi ní kí ‘àrùn’ má ṣe kúrò nídìí ọ̀rọ̀ náà láé, kí a sì kọ kiloríìnì gan-an sára ìgò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni ó yẹ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò ni ó yẹ kẹ́míkà, nítorí orúkọ kan náà ni yóò wà lára àpò tí ó ti òkè òkun wá.

Ní ti (ix), bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bá pín omi dídùn àti omi iyọ̀ níyà, omi dídùn ni í fúnra rẹ̀ rìn lọ bá omi iyọ̀. Kí ó tó lè rìn padà, a ní láti tì í. Fún omi òkun, ipá náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 27 ipá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká lọ. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ni wọ́n ṣe awọ tí ó ṣe é lò fún iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní nǹkan bíi 1959 sí 1960. Ní 1965, ìlú Coalinga bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi rẹ̀. ‘Ipá’ ni kókó ọgbọ́n náà, ìdí nìyẹn tí a fi fi í sínú orúkọ rẹ̀.

6. Ìlò

Kí a dán àbá yìí wò lára ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ epo àgbọn. Dípò ‘ẹ rí i pé omi mọ́’, a lè kọ ọ́ báyìí: ‘Ẹ fatẹ́gùn sí omi. Ẹ jẹ́ kí ó rògún. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi kiloríìnì sí i, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wọn àṣẹ́kù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi po àgbọn rírin.’ Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ojú lè rí pé a ṣe tàbí a kò ṣe. Alábòójútó lè béèrè pé, ‘Ṣé ẹ ti sẹ́ ẹ?’, kí ó sì gba ìdáhùn tí ó nítumọ̀. Bákan náà ni fún yìnyín tí a ń kó lé ẹja: omi aláìléwu ni kí a fi ṣe é, nítorí pé òtútù kì í pa kòkòrò àrùn, ó kàn ń mú un sùn ni.

7. Ìkádìí

A ti rí i pé ‘mọ́’ ń sọ ohun tí ojú rí, ṣùgbọ́n ewu omi etíkun kì í sábà hàn sójú. A kò sọ pé kí a lé ‘mọ́’ kúrò nínú èdè. A kàn ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ohun tí ó kù ni kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àwọn tí ń kọ ìlànà sára ògiri ilé-iṣẹ́, àti àwọn aṣògì àti aṣepo fúnra wọn gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sẹ́nu. Èyí tí kò bá rọrùn láti pè, kí a pa á dà. Èyí tí ó bá ń ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà, kí a jù ú nù. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú omi tí ó dà.