Kì Í Ṣe Gbogbo Ewé Gígùn Ni Pèrègún

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ọ̀ṣọ́ àyíká ilé gba àwọn olùgbọ́ níyànjú pé kí wọ́n lọ ra "pèrègún" tí ewé rẹ̀ pupa fòò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ lójúde nínú ìkòkò, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, pèrègún kì í kú. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń júwe kì í ṣe pèrègún rárá. Cordyline ni.

Pèrègún tí àwọn baba wa mọ̀, ewé rẹ̀ tútù minimini, ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ni, Dracaena fragrans sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nínú ìwé wọn. Òun ni à ń rí lẹ́bàá ojúbọ. Òun ni a fi ń sàmì ààlà oko láyé ìgbà tí kò sí ìwé ilẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń fi okùn wọn ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ìjà ààlà bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè fún ní rìbá. Ẹ gé igi rẹ̀, ẹ tì í bọlẹ̀ lásán, bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó rúwé. Àwọn babaláwo gbọ́ "gún" tó gbẹ̀yìn orúkọ náà, wọ́n sì ń fi í wúre pé kí ayé ẹni gún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ìwúre nìyẹn. Ẹ má fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Èyí tí ewé rẹ̀ pupa, tí à ń pè ní Cordyline fruticosa, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ti gbé e láti erékùṣù dé erékùṣù, títí ó fi dé Hawaii, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ ní kī, tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ wé oúnjẹ, tí wọ́n sì ń sun gbòǹgbò rẹ̀ tó dùn nínú ààrò tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀. Gbòǹgbò tó nípọn yìí náà ló fún un ní orúkọ ìwé rẹ̀, tí a mú láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kùmọ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí ṣeé mọ̀ yàtọ̀. Ẹ fà wọ́n yọ jẹ́jẹ́ láti inú ike tí wọ́n fi ń tà wọ́n, kí ẹ gbọn ilẹ̀dú tó lẹ̀ mọ́ wọn dànù: gbòǹgbò Cordyline funfun, ti pèrègún sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ọsàn. Ẹ tún wo ìdí ewé: ti pèrègún kò ní ọrùn, ó kàn gbá igi mọ́ra ni, nígbà tí ti àlejò ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìn kòtò láàárín kí ewé tó fẹ̀.

N kò fẹ́ bínú ju báyìí lọ, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣi orúkọ yìí pè. Ní 1786, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Forster kọ ìbátan Cordyline tó wà ní New Zealand sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Dracaena, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lágbo ibẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí òwò ẹrú gbé lọ sí Bràsíìlì náà, nígbà tí wọ́n rí ewé àjèjì yìí, peregum-roxo ni wọ́n sọ ọ́ nínú ẹ̀sìn Candomblé: wọ́n fún un ní orúkọ onílé, wọ́n sì so àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ṣebí ọ̀pẹ òyìnbó tí à ń jẹ kì í ṣe ọ̀pẹ, kò sì sí ẹni tó ń wá ẹmu lórí rẹ̀. Nítorí náà, mo gbà: "pèrègún pupa" ti borí. Ẹni tó bá wá fẹ́ yọ mí lẹ́nu kó bi mí pé kí ni kí a pe irú Cordyline tí ewé rẹ̀ kò pupa rárá, nítorí irú wọn wà. N ó dákẹ́, n ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí n kò gbà ni kí a gé "pupa" dànù, nítorí pé orúkọ ń ro ọmọ. Pèrègún ààlà ń fi gbòǹgbò ara rẹ̀ wá omi nínú ilẹ̀. Èyí tó wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ẹni tó gbìn ín ló ń wò. Ìkòkò tí kò nihò nídìí yóò mú gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Oòrùn àárọ̀ ló ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ tàn. Bí ẹ bá fi í pamọ́ sínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò ṣì. Ẹ bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, omi òjò ló sì dára jù, nítorí pé omi tí èròjà fluoride pọ̀ nínú rẹ̀ a máa jó ṣóńṣó ewé rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu abẹ́ ewé, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fa omi ara rẹ̀ mu. Bí ó bá sì ga jù, ẹ gé igi rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀dú tútù, èhù tuntun yóò yọ.

Ẹ pè é ní Cordyline, ẹ pè é ní pèrègún pupa, n kò ní bá yín jà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tà á fún aládùúgbò rẹ̀ ní pèrègún lásán, ó ti sọ fún un pé kí ó pa á tì.