Ipá-Ìyí Kì í Ṣe Agbára: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Títò Ọkọ̀ Akẹ́rù Arákò Inú Ilé

1. Ìfáárà

Bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ tí kò gun òkè, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé kò lágbára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, agbára, ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọkọ̀ rẹ̀ kò lágbára yóò lọ wá ẹ̀rọ tí ó túbọ̀ ń yára, nígbà tí ó jẹ́ pé jíà tí ó lọ́ra ni ọkọ̀ náà nílò. Owó yóò ná, ọkọ̀ kò sì ní í gòkè.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ya àwọn èrò wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Ohun-èlò tí yóò dán àwọn orúkọ náà wò ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí iná bátìrì ń gbé rìn, tí ìgbì rédíò ń darí láti òkèèrè, tí ó sì ń gun òkúta àti ìwé nínú ilé.

Ọkọ̀ gidi ni eré yìí ti wá. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà olókùúta kan wà tí ń jẹ́ Rubicon Trail. Láti ọdún 1953 ni àwọn ọlọ́kọ̀ Jeep ti ń péjọ láti gun àpáta rẹ̀. Fífi ìgbì rédíò darí nǹkan tilẹ̀ ti pẹ́ ju èyí lọ: ní 1898 ni Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ han àwọn ará New York. Lóde òní, àwọn ọkọ̀ arákò tí ó mọ níwọ̀n tábìlì wà, bí SCX24 ti Axial, tí ó jẹ́ ìdá 1/24 ọkọ̀ gidi, àti TRX-4M ti Traxxas, tí ó jẹ́ ìdá 1/18, tí ó sì jáde ní 2022.

2. Ìrákò yàtọ̀ sí ìfàyàfà

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó lè du ipò orúkọ ìrìn ọkọ̀ yìí. Ejò ni ó ń fàyà fà. Àyà rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni ó ń rákò: ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ ni ó fi ń rìn, ikùn rẹ̀ sì wà lókè ilẹ̀. Bí ikùn ọkọ̀ bá jókòó sórí òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yí lásán. Nítorí náà ìrákò ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ mu. Ìfàyàfà yóò wúlò fún orúkọ àléébù náà, ìyẹn ìgbà tí ikùn ọkọ̀ bá kanlẹ̀.

3. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà

Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti wọ ẹnu àwọn mẹkáníìkì kò nílò ìyípadà: jíà, táyà, sípíríǹgì, bátìrì, nọ́ọ̀tì. Ibi tí wàhálà wà ni mọ́tò. Ọkọ̀ ilẹ̀ lódindi ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè tún jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ kékeré tí ń fi iná mànàmáná yí ọ̀pá. Afináyí ni a dábàá fún un, ìyẹn ohun tí ń fi iná yí nǹkan.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ni apàṣẹ. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ ni agbàṣẹ. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà ka agbàṣẹ bí agbaṣẹ́ṣe. Lórí 2.4 gígáhátísì ni àwọn méjèèjì sábà máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Gígùn ìgbì kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12.5 sẹ̀ǹtímítà. Adíwọ̀n-iná ni ó ń bu iná fún afináyí ní ìwọ̀n tí apàṣẹ bá fẹ́. Atọ́sẹ̀ ni ó ń yí ẹsẹ̀ iwájú sọ́tùn-ún tàbí sósì.

4. Ipá, ipá-ìyí, okun àti agbára

Ipá ni ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á. Ipá-ìyí ni ipá tí ń yí nǹkan lórí ọ̀pá. Ẹni tí ó ti fi sípánà gígùn tú nọ́ọ̀tì tí ó dípẹtà ti mọ ipá-ìyí kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀: ipá ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ sí i, gígùn sípánà ni ó sọ ọ́ di púpọ̀. Okun ni ohun tí a tò jọ sínú bátìrì, tí ó sì lè tán. Agbára ni iye okun tí ń di iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìṣírò yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí ọkọ̀ tí ó jẹ́ 400 gíráàmù bá ń gun òkè tí ó dagun ní díígírì 45, ipá tí yóò gbé e gòkè tó níútọ̀nù 2.8. Bí ó bá ń lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára tí ó nílò jẹ́ wáàtì 0.28 péré. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì ti àtijọ́ ń ná ju ìlọ́po méjì iye yìí lọ. Nítorí náà, àìlágbára kọ́ ni ó sábà máa ń dá ọkọ̀ arákò dúró.

Bí táyà bá jẹ́ mílímítà 27 láti àárín dé etí, ipá-ìyí tí àwọn ẹsẹ̀ nílò lápapọ̀ jẹ́ níútọ̀nù-mítà 0.075. Èyí pọ̀ ju ohun tí afináyí kékeré lè mú wá fúnra rẹ̀ lọ. Jíà ni yóò ràn án lọ́wọ́. Bí jíà eyín 12 bá ń yí ti eyín 60, tí eyín 10 ń yí eyín 40, tí eyín 8 sì ń yí eyín 24, ìlọ́po márùn-ún, mẹ́rin àti mẹ́ta ni, ìyẹn 60 lápapọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yí nǹkan bí ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú kan, afináyí yóò sì yí ní ìgbà 2,100. Láìka ohun tí ìfarakínra inú jíà ń jẹ, ipá-ìyí ti di ìlọ́po 60, ìyára ti di ìdá 1/60, agbára kò sì fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Jíà kì í bí agbára; ó ń fi ìyára ra ipá-ìyí ni.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ìgbà tí òkúta bá há ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, tí awakọ̀ kò sì tíì dá iná dúró. Iná tí ń ṣàn nínú afináyí yóò pọ̀ dé góńgó, ipá-ìyí náà yóò sì dé góńgó. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ohun tí ń yí, agbára tí ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ òdo. Gbogbo okun tí ń jáde ń di ooru nínú afináyí. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní agbára kò ní í lè ṣàlàyé ìdí tí afináyí fi jóná níbi tí ọkọ̀ ti dúró sójú kan.

5. Ìdìmú àti oókan-ìwúwo

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ lè gbà kùnà lórí òkè: ó lè yọ̀, ó sì lè ta tàkìtì sẹ́yìn. Ìdìmú táyà ni ó ń dènà yíyọ̀. Ibi tí oókan-ìwúwo wà ni ó ń dènà ìtàkìtì. Oókan-ìwúwo ni ojú kan náà tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ dà bí ẹni pé ó kó jọ sí.

Bí ọkọ̀ kan bá jẹ́ 340 gíráàmù, tí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn fi mílímítà 130 jìnnà síra, tí òṣùwọ̀n ilé ìdáná sì fi 170 hàn níwájú àti 170 lẹ́yìn, oókan-ìwúwo rẹ̀ wà ní mílímítà 65 sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ó bá ga ní mílímítà 45, ọkọ̀ náà yóò ta tàkìtì bí òkè bá ju díígírì 55 lọ. Bí wọ́n bá wá fi 60 gíráàmù idẹ sí ibi ọ̀pá ẹsẹ̀ iwájú, tí kò ga ju mílímítà 27 lọ, oókan-ìwúwo yóò sún síwájú dé nǹkan bí mílímítà 75, yóò sì wálẹ̀ dé 42. Òkè tí yóò ta á ní tàkìtì ti di díígírì 60.

Kì í ṣe nítorí pé ọkọ̀ wúwo sí i ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí idẹ kan náà bá wà lórí òrùlé ọkọ̀, ìpalára ni yóò ṣe. Ọ̀rọ̀ ìwúwo nìkan kò tó; akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ fún ibi tí ìwúwo gúnlẹ̀ sí.

6. Ètò títò

Bátìrì ni ó ṣáájú. Èyí tí ó ní yàrá méjì ń fúnni ní fọ́lítì 7.4, bí ó bá kún, yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4.2, kò sì yẹ kí ó lọ sílẹ̀ ju 3.0 lọ. Èyí tí ó bá wú kò yẹ ní lílò mọ́. Inú àpótí irin tàbí ìkòkò amọ̀ ni ó ti yẹ kí ó máa gba iná, lójú ẹni tí ó ni ín.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọn ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, àti fífi idẹ kún un nísàlẹ̀. Táyà rírọ̀ ni ó ń bá òkúta mọ́ra. Eruku ilẹ̀ sì ń dín ìdìmú rẹ̀ kù, nítorí náà ó yẹ kí a máa fi omi nù ún. Irun kápẹ́ẹ̀tì a máa wé mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀, yíyọ ọ́ sì jẹ́ ara ìtọ́jú. Sípíríǹgì gbọ́dọ̀ rọ̀. Bí ó bá le, ẹsẹ̀ kan yóò wà lófuurufú, ẹsẹ̀ tí kò sì kan nǹkan kò ní ìdìmú. Ní ìparí, ìjánu inú adíwọ̀n-iná gbọ́dọ̀ le tó láti dá ọkọ̀ dúró lórí òkè nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí apàṣẹ.

Pákó kan tí ìwé gbé orí rẹ̀ sókè tó fún ìdánwò. Bí ọkọ̀ bá yọ̀, kí a tọ́jú táyà. Bí ó bá ta tàkìtì, kí a sún ìwúwo. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró gbagidi tí afináyí sì ń gbóná, ipá-ìyí ni kò tó. Kí a pààrọ̀ jíà.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

afináyí: ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná yí ọ̀pá.
adíwọ̀n-iná: ohun tí ń bu iná fún afináyí.
apàṣẹ, agbàṣẹ: olùfiránṣẹ́ àti olùgbà àṣẹ lórí ìgbì rédíò.
atọ́sẹ̀: ohun tí ń darí ẹsẹ̀ iwájú.
ìdìmú: bí táyà ṣe ń di ojú ilẹ̀ mú.
ipá-ìyí: ipá tí ń yí nǹkan lórí ọ̀pá.
ìrákò: ìrìn jẹ́jẹ́ lórí òkúta, tí ikùn ọkọ̀ kò kanlẹ̀.
oókan-ìwúwo: ojú kan tí ìwúwo kó jọ sí.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àléébù mẹ́ta ni ó wà nínú ìdánwò orí pákó, àtúnṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì bá wọn mu. Gbólóhùn "kò lágbára" bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, kò sì tọ́ka sí ọ̀kankan. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ náà, agbára, sílẹ̀ fún iye okun tí ń di iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó sì lo ipá-ìyí, ìdìmú àti oókan-ìwúwo níbi tí ó bá ti yẹ kálukú wọn.