Ẹ fọ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yín kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ rèé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Èkìtì ni kì í ka fèrèsé fífọ̀ sí ohun tó kan owó. Lójú wọn, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ l'Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà gbé àti ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ti pọ̀ sí i. Fèrèsé onípákó ayé àtijọ́ kò ní wàhálà púpọ̀, lúfà náà ṣeé yọ fọ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń sún lórí irin alumíníọ̀mù ló ń náni lówó.

Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Iyanrìn tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú eruku yìí. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì, iyanrìn ló fi ń ha á, ojú ibi tó ha kò sì ní í lọ mọ́. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kẹ́ ẹ tó fi fóòmù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn. Bí omi kànga-ẹ̀rọ bá fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń ká a. Ẹ má da Jik mọ́ ọsàn náà o, gáàsì olóró ló máa ń tibẹ̀ jáde.

Ibi tí owó ti ń jò gan-an kì í ṣe ojú gíláàsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Irin tí fèrèsé ń sún lé lórí ní àwọn ihò kéékèèké tó kọjú síta, kí omi òjò lè gbabẹ̀ ṣàn jáde. Nígbà ọyẹ́, eruku àti òkú kòkòrò á dí wọn pa. Tí òjò bá wá rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, omi á kún inú irin, á sì ya wọlé sórí ọjà. Onílé á máa bá bíríkìlà jà pé ògiri ń jò, á tún san owó pílásítà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irin náà, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ la ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá da omi ife kan sí i. Tó bá jáde síta lójú ẹsẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹ má fi gíríìsì sí i, eruku ló máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ta ló wá yẹ kẹ́ ẹ pè? Bí fèrèsé kò bá sún dáadáa mọ́, tàbí tí rọ́bà tó di gíláàsì mú ti ń já, ẹni tó ń ṣe alumíníọ̀mù ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe ẹni tó ń fọ fèrèsé. Bí sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà bá ta sí gíláàsì ilé tuntun, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ kíákíá, torí sìmẹ́ńtì tó bá pẹ́ lára gíláàsì máa ń jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ọwọ́ kò lè dé ẹ̀yìn gíláàsì láti inú ilé, ẹ má rán ọmọ iṣẹ́ gun àkàbà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ kò yọ oníṣòwò kékeré sílẹ̀: náírà 1 nínú gbogbo náírà 100 tí agbanisíṣẹ́ ń san lówó oṣù ló gbọ́dọ̀ máa fún àjọ NSITF. Mélòó nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló ń san án?

Kí oníṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ ka iye fèrèsé, kẹ́ ẹ sì dúnàá-dúrà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ gíláàsì tó ti sán tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí àríyànjiyàn má bàa wáyé bí òmíràn bá fọ́. Ẹ fi kún àdéhùn pé yóò la àwọn ihò ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń nu gíláàsì nìkan, wọ́n á gba owó wọn lọ. Ẹ da omi ife kan yẹn sí i lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.