Ẹ̀sọ̀ Ni Àpò Kánfáàsì Ń Fẹ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí bí òwe yìí ṣe ń ṣẹ, kó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù àwa tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe mónógíráàmù. Gínnì àti àǹkárá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Ọjọ́ tí oníbàárà bá kó àpò kánfáàsì, jíǹsì tàbí awọ dé ni a máa ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn lówó ra ẹ̀rọ.

Nígbà kan, wọ́n kó àpò ìrántí 40 wá bá mi nítorí ìsìnkú ìyá àgbà kan. Orúkọ ìyá náà ni wọ́n ní kí n kọ sí iwájú àpò kọ̀ọ̀kan, ìnáwó sì ku ọ̀túnla. Mo fi tipátipá ki férémù tí a fi ń na aṣọ bọ àpò àkọ́kọ́, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, mo yíjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rọ ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, ó wúwo létí ju bó ṣe ń dún lórí gínnì lọ. Abẹ́rẹ́ dá, pàá! Mo fi òmíràn rọ́pò, mo tún ń bá a lọ. Ìgbà tí mo tú férémù tán tí mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú àpò, ọwọ́ ò wọlé. Ẹ̀yìn àpò ti ká sábẹ́, ẹ̀rọ sì ti gán an pọ̀ mọ́ iwájú. Agada ò morí alágbẹ̀dẹ. Ohunkóhun tó bá bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ni ẹ̀rọ ń gún. Mo fi bíléèdì tú òwú náà títí ilẹ̀ fi ṣú, àmọ́ ihò tí abẹ́rẹ́ ti lu sára kánfáàsì yẹn ò pa dé. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ àwọn tó ń rán àpò pé kí iṣẹ́ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kí wọ́n tó rán an pọ̀. Aṣọ tó ṣì wà ní pẹlẹbẹ kò ní ẹ̀yìn tí yóò ká, kò ní síìpù, kò ní ojú rírán tó nípọn tí abẹ́rẹ́ yóò kọsẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá sì ti di àpò kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe lọ́ra láti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Títún un rán kò tó nǹkan rárá.

Kánfáàsì tó le kì í fẹ́ kí férémù fún òun. Bí ẹ bá fi agbára há a mọ́ ọn, àpá férémù lè má kúrò lára rẹ̀ mọ́, àárín iṣẹ́ gan-an ló sì máa ń yọ jáde. Sítéè, ìyẹn ohun tí à ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ kí iṣẹ́ lè dúró, nìkan ni kí ẹ fi férémù mú, kó le dáadáa bí awọ ìlù. Ẹ fọ́n gọ́ọ̀mù sí i fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ àpò lé e, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi òwú há a yí ká kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Sítéè tí à ń fi ọwọ́ ya tó fún kánfáàsì. Èyí tí à ń fi sísọ́ọ̀sì gé ló yẹ jíǹsì tó ń fà.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nọ́ńbà 75/11 tí a fi ń ṣe aṣọ lásán, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n lórí kánfáàsì títí yóò fi dá. 90/14 ni kí ẹ lò, tàbí 100/16 bí aṣọ bá ṣe ìpele méjì. Awọ ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ dà bí ọ̀bẹ, ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ orí awọ ki jù, torí ihò tó bá sún mọ́ra yóò jẹ́ kó ya bí etí sítáǹbù. Ẹ̀rọ tó lè gún aṣọ nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a padà sí 600, kódà 500. Eré àsápajúdé máa ń mú abẹ́rẹ́ gbóná, òwú á sì máa já.

Aṣọ òkè ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì ń fẹ́ sùúrù jù. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún n'Ìṣẹ́yìn, bí ìwọ̀n íǹṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Nítorí náà, bí orúkọ yóò bá wà lára pọ́ọ̀sì aṣọ òkè, ẹ wọ̀n ọ́n kí lẹ́tà má baà gun ojú ìsopọ̀. Òwú mónógíráàmù a tún máa rì sáàárín òwú aṣọ náà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tí omi ń yọ́ sórí rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fọwọ́ ya á kúrò, kí ẹ fi àkísà ọ̀rinrin nu ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rì í sómi! Bí oníbàárà bá sì fẹ́ lẹ́tà tí kò tó mìlímítà mẹ́fà lórí aṣọ òkè, ẹ sọ fún un pé kò ní ṣeé kà, kó tó sanwó.

Kí oníbàárà fi àpò kan tàbí méjì lé iye tó fẹ́ ṣe fún ìdánwò, kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gba iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi to àpò kan sábẹ́ ẹ̀rọ, ó nawọ́ sí bọ́tìnì.

"Ọ̀gá, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Ṣé o ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀?"

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi yí férémù po díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè bí ẹni tó ń wá owó nísàlẹ̀ àpò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fa okùn àpò tó ti ká sábẹ́ jáde, ó fi kílíìpù há a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá tẹ bọ́tìnì.