Ẹ Tètè Fi Iṣẹ́ Han Ẹni Tó Ni Ín
Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣe áàpù, ẹ ó fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, oníbàárà á wá ní ohun tí òun fẹ́ kọ́ nìyí. Nítorí irú èyí ni àwọn èèyàn 17 tó ń ṣe sọ́fíwià ṣe kọ ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Agile ní Utah, l'Ámẹ́ríkà, lọ́dún 2001.

Bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín nìyí: ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kí èyí tó ṣe kókó jù ṣáájú. Ẹ mú ìwọ̀nba tí ẹ lè parí lọ́sẹ̀ méjì. Láràárọ̀, ẹ pàdé lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹni tí iṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́, kó sọ ọ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ gbé fóònù tí áàpù náà wà lórí rẹ̀ fún oníbàárà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tí ẹ parí, bí àpẹẹrẹ, ojú ewé ìsanwó. Ẹ má ṣàlàyé; ẹ máa wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.