Ogún Ọmọdé Kì Í Ṣeré fún Ogún Ọdún: Ìmọ̀ràn fún Ìdílé Tó Fẹ́ Jọ Dá Abà Onígbàgbọ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òwe yìí ni mo fẹ́ gbé síwájú àwọn ìdílé onígbàgbọ́ tó ń gbé ní Rumuibekwe àti káàkiri Port Harcourt, tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn pé ó yẹ kí àwọn jọ ra ilẹ̀ sí ìta ìlú, kí àwọn jọ máa dáko, kí àwọn sì jọ máa tọ́ ọmọ nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Mo mọ ohun tó fa èrò náà. Rumuibekwe jẹ́ ilẹ̀ oko àwọn Ikwerre nígbà kan. Lónìí ilé ti bò ó láti títì Aba wọ inú. Láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà sórí fèrèsé àti aṣọ tí a sá ní Port Harcourt. Oúnjẹ wọ́n, owó ilé ń gòkè, ọmọ kò sì mọ ìdí ẹ̀gẹ́ mọ́.

Èrò rere ni. Ìmọ̀ràn kan ni mo ní lórí rẹ̀: ẹ kọ àdéhùn bí ìdílé kan ṣe máa jáde nínú abà yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan láàrin àwọn Ìlàjẹ kó jọ sí etí òkun, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí, wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n ti rí inúnibíni nítorí ìgbàgbọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa sin Ọlọ́run láìsí ìdíwọ́. Zacchaeus Okenla ni ọba wọn àkọ́kọ́, Ogeloyinbo ni oyè náà ń jẹ́. Inú irà ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Ohun tí apẹja pa àti ohun tí ahunṣọ hun, àpò kan ṣoṣo ló ń wọ̀, àpò yẹn náà ló ń bọ́ wọn, tó ń daṣọ bò wọ́n, tó ń kọ́lé fún wọn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń yan búrẹ́dì, wọ́n gbẹ́ odò tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Láàrin àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Wole Soyinka wo ìlú yìí kó tó dá Aiyéró inú ìwé rẹ̀ Season of Anomy, tó jáde ní 1973.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Ayétòrò sì fi hàn pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti máa ṣòwò tara rẹ̀, àpò kan ṣoṣo náà sì tú. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà tó lọ ṣèwádìí níbẹ̀, kọ ìwé kan jáde ní 1977 lórí bí ìlú náà ṣe gòkè àti bí ó ṣe wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló fi bò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1947 sí 1968, ọdún 21 ni. Àwọn tó tẹ ìlú dó fi ojú ara wọn rí inúnibíni, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn jẹ́jẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ bá ẹ̀jẹ́ náà nílẹ̀ ni. Bí ogún ọdún bá pé, àwọn ọmọ yín náà á ti dàgbà, wọ́n á sì bi yín ní ohun tí ẹ kò bi ara yín.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti àpò. Ọ̀pọ̀ máa tọ́ka sí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ìgbà àkọ́kọ́ ti ń ta ilẹ̀, tí wọ́n ń kó owó rẹ̀ wá. Ẹ kà á síwájú dé orí karùn-ún. Peteru sọ ọ́ yé Anania pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, tirẹ̀ náà sì ni owó rẹ̀. Irọ́ ló sọ ọ́ di ẹlẹ́bi. Ẹ tún kà á dé orí kẹfà: oúnjẹ àwọn opó ló dá kùnkùn sílẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ fún àwọn tó ń kùn pé ìgbàgbọ́ wọn kéré; wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí gbogbo ènìyàn lè jẹ́rìí sí, kí wọ́n máa bójú tó pínpín oúnjẹ. Bí ìjọ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé bá nílò ẹni tó ń ṣírò, tiwa náà nílò rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi àáró bẹ̀rẹ̀, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún yá ilẹ̀ fún ọdún kan ní Etche tàbí Emohua, kí ẹ jọ ro ìpín oko ẹnì kìíní lọ́sẹ̀ yìí, ti ẹnì kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ẹ dá èsúsú pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún kan yóò fi ẹni tó ń pẹ́ dé hàn, yóò fi ẹni tí owó rẹ̀ ń falẹ̀ hàn, yóò sì fi ẹni tó ń mú ìlérí ṣẹ láìsí ariwo hàn. Ẹ̀fọ́ úgù á ti kún ọbẹ̀ kí oṣù mélòó kan tó pé, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà máa ń fẹ́ tó ọdún kan, ọ̀pẹ á fẹ́ bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so. Ẹni tí kò bá lè dúró de ẹ̀gẹ́, kò lè bá yín dúró de ọ̀pẹ.

Ẹ má sì rò pé owó ńlá lè rọ́pò ọdún kan yẹn. Àlùfáà Godfrey Nzamujo bẹ̀rẹ̀ oko Songhai ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, lórí hẹ́kítà kan péré ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di ajílẹ̀, pàǹtírí oko ń di oúnjẹ ẹja, ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Títí dòní àwọn ènìyàn ń ti gbogbo Áfíríkà lọ wò ó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Bunu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tai, nígbà tí Rotimi Amaechi jẹ́ gómìnà. Oko náà tóbi gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì lẹ́yìn náà.

Tí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ yẹ ilẹ̀ àti omi rẹ̀ wò kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Nínú ìwádìí tí UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde ní 2011 lórí ilẹ̀ Ogoni, èròjà bẹ́ńsíìnì tó wà nínú kànga kan ní Nisisioken Ogale, nítòsí Port Harcourt níbí, ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Ojú lásán kò lè rí i. Ẹ béèrè nípa àgbàrá pẹ̀lú: omíyalé 2012 àti ti 2022 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ahoada West. Ayétòrò fúnra rẹ̀ ni òkun ń gbé díẹ̀díẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ti lọ. Kí ẹ sì rántí pé àlejò ni wá lórí ilẹ̀ Ikwerre àti Etche. Ẹ rí gbogbo ẹbí tó ni ilẹ̀, ẹ rí olórí ìlú àti àwọn ọ̀dọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí agbẹjọ́rò bá yín wá ìyọ̀ǹda gómìnà tí Òfin Ilẹ̀ 1978 béèrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni orúkọ tó máa wà lórí ìwé. Ẹ má fi gbogbo ilẹ̀ sórúkọ pásítọ̀ tàbí ẹni tó lówó jù. Bí ó bá kú, ilẹ̀ á di ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àwọn trọ́sítíì ìjọ, ìyẹn àwọn tó ń di ohun ìní ìjọ mú. Lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ohun tó bá wọ ọwọ́ trọ́sítíì, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Wọn kò lè pín in fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìdílé tó bá kọ́lé síbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan mú lọ. Bí mo ṣe rò ó nìyí: ilé àdúrà, ilé ẹ̀kọ́ àti kànga ẹ̀rọ lábẹ́ trọ́sítíì, oko àti ẹ̀rọ gàrí lábẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, níbi tí ìpín kálukú ti ṣeé kà, ilẹ̀ tí ìdílé kọ́lé sí, lórúkọ ọkọ àti ìyàwó.

Ẹ fi ìdáná kálukú sílẹ̀ fún un. Ní Ayétòrò, ìgbà kan wà tí wọ́n pín ìlú sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Iṣẹ́ lè jẹ́ àjọṣe, àdúrà àárọ̀ lè jẹ́ àjọṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìyá mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ sùn, kí ọkọ àti aya sì ní yàrá tí wọ́n ti lè jà kí wọ́n sì parí rẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó ń wàásù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń di àpò mú. Kí akápò máa yí lọ́dọọdún, kí wọ́n ka ìṣirò sókè lóṣooṣù níwájú tọkọtaya, kí ẹni tí kì í ṣe ará abà sì yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí olórí kan bá bínú nítorí pé ẹ béèrè ìṣirò, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Wàyí o, ti ìjáde. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó máa díye lé ilé ẹni tó ń lọ, oṣù mélòó tí abà ní láti fi san án, àti bóyá ó lè tà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Kí ó sọ ẹ̀tọ́ opó tí ẹbí ọkọ dé bá. Kí ó sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún ọmọ tó di ọmọ ogún ọdún tó ní òun kò gbàgbọ́ bíi tiyín mọ́. Èmi ní tèmi rò pé ilé bàbá rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé rẹ̀. Àwọn kan á ní ìwé báyìí ń fi àìgbàgbọ́ hàn. Rárá o. Ìdílé tó mọ̀ pé òun lè lọ láìpàdánù, tó sì jí lówùúrọ̀ tó gbé ọkọ́ lọ sóko àjọṣe, ìfẹ́ ló mú un dúró. Ìdílé tí ilẹ̀kùn há mọ́ ń dúró pẹ̀lú ìkorò ni, ìkorò kan ṣoṣo sì tó láti ba àdúrà abà jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ pe ìpàdé. Ẹ gbàdúrà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni mo ń mú wá? Kí ni n kò ní fi sílẹ̀? Bí mo bá fẹ́ lọ, báwo ni kí ẹ ṣe mí? Ẹ ka ìdáhùn náà sókè létí ara yín. Bí ìjókòó yẹn bá tú ká ní àlàáfíà, ẹ máa lọ wá ilẹ̀.